Ẹ Bi Táyà Léèrè Ọjọ́ Orí Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ti sú mi láàárín àwa tí à ń wa ọkọ̀ èrò. Táyà á bẹ́ lọ́nà márosẹ̀, ọkọ̀ á gbókìtì, kí wọ́n sì tó gbé àwọn tó fara pa dé ọsibítù, ẹnu àwọn èrò ìwòran á ti kún: iṣẹ́ ayé ni, ojú ọ̀nà yẹn ń mu ẹ̀jẹ̀. Ta ló bẹ̀rẹ̀ wo táyà náà? Ta ló ka ọdún tí wọ́n ṣe é, tó wà lára rẹ̀ gbagidi? Kò sẹ́ni.

Kì í ṣe pé a ò ka ọkọ̀ wa sí. Láràárọ̀ là ń ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí à ń wo omi, tí à ń fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ. Bí ẹ́ńjìnnì bá húkọ́ lásán, a ti dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Àmọ́ tó bá ti kan táyà, gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ọgbọ́n wa: “Tòkunbọ̀ lágbára ju tuntun lọ.” Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ fún ẹni tí kò gbọ́: irọ́ gbuu ni.

Mo mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ pa ní Port Harcourt lọ́dún 2007. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Dunlop náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró n'Íkẹjà. Nínú táyà tuntun tí wọ́n wá kó rọ́pò tiwọn lọ́jà, ọ̀pọ̀ ló já àwọn èèyàn kulẹ̀, ni wọ́n bá sá tọ tòkunbọ̀ Bẹ́líjíọ̀mù lọ. Ṣùgbọ́n pé tuntun kan kò dára kò sọ àlòkù di ọba.

Bí tòkunbọ̀ bá lágbára tó bí ẹ ṣe ń wí, kí ló dé tí ẹni tó kọ́kọ́ ni ín fi bọ́ ọ sílẹ̀? Lọ́hùn-ún, owó ni wọ́n ń san kí wọ́n tó bá èèyàn palẹ̀ táyà tó ti gbó mọ́. Òyìnbó sanwó kí wọ́n bá òun kó o lọ. Àwa tún sanwó kí wọ́n bá wa kó o wá! Òfin ilẹ̀ wa gan-an ka táyà àlòkù ti ọkọ̀ kéékèèké mọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kó wọ Nàìjíríà. Síbẹ̀ òun ló kún iwájú ṣọ́ọ̀bù, tí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn tó ń dán gbinrin.

Ẹ ní ojú rẹ̀ kò tíì jẹ. Ojú nìkan kọ́ ló ń gbó. Ẹ lọ mú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ìyá yín fi di owó sínú àpótí láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, kí ẹ fà á. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, kò fara gbo nǹkan kan, síbẹ̀ jíjá ló máa já. Atẹ́gùn, ooru àti oòrùn ń jẹ agbára rọ́bà díẹ̀díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń jẹ ti táyà, ì báà máa yí lójú títì, ì báà jókòó sí ṣọ́ọ̀bù. Á gbẹ, á sán, á máa ṣí nínú lọ́hùn-ún kúrò lára wáyà irin rẹ̀. Ìta rẹ̀ lè má sọ fún yín. Ọjọ́ tí ọkọ̀ bá kún, tí oòrùn mú, tí eré sì pọ̀ ni yóò sọ.

Lọ́dún 2012, ní Surrey nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, táyà iwájú bọ́ọ̀sì kan tó ń kó èrò bọ̀ láti òde orin bẹ́, èèyàn mẹ́ta sì kú. Táyà náà ti lé lọ́dún 19. Ó dàgbà ju bọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ lọ. Òfin wọn kò tíì ka ọjọ́ orí táyà sí nígbà náà. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn tó kú ò sinmi, ọdún gorí ọdún ló fi ń bá ìjọba fà á, títí wọ́n fi fòfin dè é lóṣù Kejì ọdún 2021: táyà tó bá ju ọdún 10 lọ kò gbọdọ̀ wà níwájú bọ́ọ̀sì àti tírélà mọ́. Àwọn tí à ń kó àlòkù wọn ló ṣe òfin yìí o. Ṣé oòrùn tiwọn mú tó tiwa ni?

Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà níbi tí wọ́n kọ DOT sí. Nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ni kí ẹ kà. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré, ẹ má wulẹ̀ ná an, ọdún 2000 kò tíì dé nígbà tí wọ́n ti ṣe é. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ yí ẹ̀gbẹ́ kejì wò. Bí wọ́n bá ti ha á kúrò, ẹ fi táyà náà sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, ti pariwo títí pé kí á má lo táyà tó bá ju ọdún 4 lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń dín atẹ́gùn kù nítorí oòrùn, ẹ yé ṣe bẹ́ẹ̀: táyà tí atẹ́gùn rẹ̀ kò tó ló ń gbóná jù. Ìwọ̀n tó yẹ wà létí ilẹ̀kùn dírẹ́bà. Ẹ wo sípíà inú búùtù náà.

Owó kò sí, mo gbọ́. Ẹ ra méjì báyìí, ẹ ra méjì yòókù nígbà tí owó bá tún wọlé. Ẹni tó ń pààrọ̀ tòkunbọ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún ti ná owó tuntun láìmọ̀.

Àìsàn là á wò, a kì í wo ikú. Ẹ ń gbàdúrà kí ẹ tó tan mọ́tò, ó dára, ẹ máa gbà á lọ. Àmọ́ Ọlọ́run tí ẹ ń ké pè ti fún yín lójú tó lè ka nọ́ńbà mẹ́rin. Ọmọ ọlọ́mọ lẹ̀ ń gbé, ẹ̀jẹ̀ wọn wà lọ́rùn yín. Ẹ bọ́ síta lónìí, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ ka táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èyí tó bá ti gbó, ẹ yọ ọ́ dànù, kí ẹ má sì tà á fún ẹlòmíràn.