Ẹni tó da káàdì sílẹ̀ kì í ṣe ojo

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, thread ni o. Ọ̀rọ̀ pókà ni, ṣùgbọ́n bó ò bá tiẹ̀ mọ̀ ju Whot tá à ń ta ní Ìjẹ̀gùn níbí lọ, á yé ẹ. Tẹ́nì kan bá da káàdì tó dáa sílẹ̀ nígbà tó ku díẹ̀ kówó dé, ẹ̀ ń sọ pé kò ní liver. Irọ́ ni. Ìṣirò ló ń ṣe.

2/ Ní World Series of Poker Main Event ọdún 2023, èèyàn 10,043 ló wọlé, $10,000 lówó ìwọlé. Èèyàn 1,507 péré ni owó wà fún. Owó tó kéré jù níbẹ̀ jẹ́ $15,000. Ipò 1,508 ò sí nínú owó. Ààlà yẹn ni wọ́n ń pè ní bubble.

3/ Chips kì í ṣe owó o. Bí chips ẹ bá di ìlọ́po méjì, owó tó ò ń retí ò di ìlọ́po méjì. Ṣùgbọ́n tó bá tán, o ti lọlé nìyẹn.

4/ Ẹ wò ó. Èèyàn 4 ló kù, tíkẹ́ẹ̀tì 3 ló wà, ọgbọọgba ni. Ìwọ lo ṣìkejì. Chips ẹnì kan ti fẹ́ẹ̀ tán pátápátá. Ọ̀gá tó ní chips jù wá kó gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. O wo ọwọ́ ẹ: ace méjì! Abeg, dà á sílẹ̀. Tí ace méjì bá kojú káàdì èyíkéyìí, á fìdí rẹmi ní nǹkan bí ìgbà 15 nínú 100. Tó o bá sì jẹ, tíkẹ́ẹ̀tì kan náà lo máa gbà. Wọn ò ní fún ẹ ní méjì.

5/ Ọ̀gá yẹn gan-an ló lẹ́tọ̀ọ́ láti máa yọ yín lẹ́nu, torí ó mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà yín. Ṣùgbọ́n òun náà ò gbọdọ̀ wá wàhálà ẹni tó ṣìkejì sí i.

6/ Ẹ rántí World Cup 1982. Algeria na Jámánì 2-1, wọ́n sì parí ìdíje tiwọn ní June 24. Lọ́jọ́ kejì, Jámánì àti Austria ti mọ èsì tó máa gbé àwọn méjèèjì wọlé. Jámánì gbá ẹyọ kan sáwọ̀n ní ìṣẹ́jú 10, ló bá di pé wọ́n kàn ń ta bọ́ọ̀lù síra wọn. 1-0. Algeria lọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń gbá ìdíje tó kẹ́yìn nínú group lẹ́ẹ̀kan náà báyìí. Pókà náà ń ṣe é: tó bá ku díẹ̀ kówó dé, gbogbo tábìlì á dúró de ara wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà máa fi àkókò ṣòfò.

7/ Èmi ò sọ pé kó o jókòó bí ère o. $15,000 yẹn, èrè $5,000 ni. Ẹni tó gba ipò kìíní gba $12.1 mílíọ̀nù. Tí chips ẹ bá pọ̀, jà.

8/ Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ owó ilé lo fi wọlé, o ò ní lè ronú nígbà tó bá kan bubble. Ẹ̀rù ló máa bá ẹ ta káàdì. Má wọlé rárá.

9/ Àwọn àgbà ti sọ ọ́: akínkanjú tó mọ̀ ọ́n jà tí kò mọ̀ ọ́n sá ló ń bógun lọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ta ace méjì yẹn, ẹ wá ṣàlàyé ara yín nísàlẹ̀.