Irú gbèsè wo ni òtẹ́ẹ̀lì yẹn jẹ?

Bí ìwé ìṣirò owó ọdọọdún bá dé, ibi tí wọ́n kọ èrè sí ni ọ̀pọ̀ àwa tá a ní ìpín ìdókòwò máa ń kọ́kọ́ ṣí. Ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n tó bá kan ilé-iṣẹ́ òtẹ́ẹ̀lì, bíi Transcorp Hotels tàbí Ikeja Hotel tí ìpín wọn wà lọ́jà, gbèsè tí wọ́n gbọ́dọ̀ san kí oṣù 12 tó pé lèmi máa ń kọ́kọ́ wá. Òtẹ́ẹ̀lì lè jèrè lórí ìwé, kó má rí owó oṣù òṣìṣẹ́ san.

Ohun tó ń ba àwọn èèyàn lẹ́rù ni pé gbèsè yìí lè ju owó àti ọjà tó wà nílẹ̀ lọ. Ẹni tó ti mọ ìwé ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ńtì lójú yóò ní òtẹ́ẹ̀lì náà ti kú nìyẹn. Kò fi dandan rí bẹ́ẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì kì í kó ọjà jọ. Yàrá tẹ́nikẹ́ni ò sùn sí lálẹ́ àná, owó ẹ̀ ti lọ. Àlejò lè sanwó kó tó dé rárá, nígbà tí ẹni tó ń kó ẹran àti ẹja wá fún wọn ṣì ń retí owó tiẹ̀.

Nítorí náà, ẹ má wo àròpọ̀ nìkan, ẹ ṣí àlàyé tó wà lẹ́yìn ìwé náà. Ká ní wọ́n jẹ gbèsè bílíọ̀nù kan náírà. Bí mílíọ̀nù 600 nínú ẹ̀ bá jẹ́ owó àsansílẹ̀ àwọn tó fẹ́ ṣègbéyàwó tàbí ìpàdé, gbọ̀ngàn, yàrá àti oúnjẹ ni wọ́n máa fi san án. Bó bá jẹ́ báńkì ló ni mílíọ̀nù 600 yẹn, owó gidi ni báńkì máa gbà.

Owó orí ńkọ́? Ìdá 7.5 nínú 100 ni VAT, òfin tí ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe lọ́dún 2009 ní kí òtẹ́ẹ̀lì gba ìdá 5 lọ́wọ́ oníbàárà fún ìjọba. Owó olówó ni. Bí mo bá rí i tó ń ga sí i lọ́dọọdún nínú gbèsè wọn, àyà mi máa ń já ju ti báńkì lọ.

Àmọ́ owó àsansílẹ̀ náà ní ọjọ́ tó máa ń di wàhálà. Nígbà tí ìjọba ti Èkó, Ògùn àti Àbújá pa lọ́jọ́ 30, oṣù kẹta, ọdún 2020 nítorí Kòrónà, ayẹyẹ ò ṣeé ṣe mọ́. Ẹni tó ti sanwó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n dá a padà. Lóṣù kẹrin ọdún yẹn, Hilton ní Amẹ́ríkà ta póìntì tí oníbàárà fi ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́ fún American Express, ó sì gba bílíọ̀nù kan dọ́là. Owó wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbèsè yàrá ló fi jẹ.

Níbi ìpàdé ọdọọdún, ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ̀yáwó pé, kẹ́ ẹ sì béèrè bóyá dọ́là ni wọ́n yá. Ẹni tó jẹ dọ́là kí wọ́n tó tú náírà sílẹ̀ lóṣù kẹfà ọdún 2023 mọ ohun tójú ẹ̀ rí. Ní tèmi, bí báńkì bá máa gba owó ẹ̀ láàárín oṣù mẹ́fà, tí owó ọwọ́ wọn ò sì tó ìdajì ẹ̀, mi ò ní rà á, bó ti wù kí ìpín náà pọ́ọ́kú tó.