Ẹni Tí Omi Lé Nílé, Ta Ni Yóò Gbà Á?

Òjò kò bá ẹnìkan ṣọ̀rẹ́. Ẹni tí eji bá rí ni eji ń pa. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà wa wí, òtítọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fi ojú inú wo ọ̀rọ̀ náà yóò rí i pé bí òjò kò tilẹ̀ yan ẹni tí yóò pa, ilé tí ó ń wó kì í sábà jẹ́ ilé olówó. Ilé ẹni tí ó kọ́ ọ sí etí odò nítorí pé kò rí ilẹ̀ mìíràn rà ni omi ń kọ́kọ́ gbé lọ. Nígbà tí ilẹ̀ bá sì mọ́, tí àwọn tí ó yè bá jókòó sí ìta pẹ̀lú ẹní àti ìkòkò tí wọ́n rí yọ, ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù: ta ni yóò gbà wọ́n?

Ó pẹ́ tí àwọn olóṣèlú wa ti ń jiyàn lórí ìbéèrè yìí. Ní ọdún 2022, àgbàrá pa ènìyàn tí ó lé ní 600 ní Nàìjíríà, ó sì lé àwọn tí ó ju mílíọ̀nù kan lọ kúrò nínú ilé wọn. Ìjọba àpapọ̀ sọ pé àwọn ti kìlọ̀ tó, pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀, ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn ará ìlú ni kò kọ etí sí ìkìlọ̀. Àwọn kan láti ìpínlẹ̀ tí omi bò dáhùn pé ìrànlọ́wọ́ kò dé ọ̀dọ̀ àwọn bí ó ti yẹ. Bí wọ́n ti ń gbé ẹ̀bi náà ka orí ara wọn, ojú àwọn tí omi lé ń rí màbo, òjò sì tún ń ṣú.

Nítorí èyí ni a ṣe fẹ́ mú àwọn òǹkàwé wa rìn jìnnà díẹ̀ lónìí, dé Braamfontein ní ìlú Johannesburg, ní Gúúsù Áfíríkà. Ibẹ̀ ni a ti gbé ìbéèrè yìí síwájú adájọ́, ibẹ̀ náà ni a sì ti dá a lóhùn.

Braamfontein kì í ṣe ìlú kan lọ́tọ̀. Àdúgbò kan ni, ní àríwá àárín gbùngbùn Johannesburg, ní òdìkejì ojú irin rélùwéè. Níbẹ̀ ni Yunifásítì Witwatersrand wà. Níbẹ̀ ni a kọ́ ilé ńlá ìgbìmọ̀ ìlú Johannesburg sí. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni Ilé Ẹjọ́ tí ń ṣọ́ Òfin Ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè náà fìdí kalẹ̀ sí. Inú ọ́fíìsì kan tí wọ́n háyà ni àwọn adájọ́ yìí kọ́kọ́ ń jókòó láti ọdún 1995. Ní 2004 ni wọ́n kó lọ sí orí òkè tí ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ wà, níbi tí a ti há Gandhi àti Mandela mọ́ rí, tí a sì fi bíríkì ọgbà ẹ̀wọ̀n náà kọ́ apá kan ilé ẹjọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2000, òjò ńlá rọ̀ ní apá ìsàlẹ̀ Áfíríkà. Ìkún omi ọdún náà pa ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ènìyàn ní Mòsáńbíìkì. Ní Alexandra, àdúgbò àwọn òtòṣì ní àríwá Johannesburg, odò Jukskei kún, ó sì ya bo àwọn ilé játijàti tí ó wà ní bèbè rẹ̀. Nǹkan bí 300 ènìyàn ni kò ní ibi tí wọn yóò fi orí lé mọ́. A kó wọn sínú àgọ́ àwọn ológun àti inú ilé ibùgbé àtijọ́ kan, níbi tí èrò ti pọ̀ ju àyè lọ.

Ìjọba wá ilẹ̀ tí yóò fi wọ́n sí fún ìgbà díẹ̀, títí a ó fi rí ilé gidi fún wọn. Ilẹ̀ tí ó yàn ni oko ọgbà ẹ̀wọ̀n Leeuwkop, tí ó jẹ́ ti ìjọba fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n oko yìí kò jìnnà sí Kyalami, níbi tí àwọn tí ó rí jájẹ ń gbé. Àwọn ará Kyalami kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó bi àwọn léèrè kí wọ́n tó fi àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn. Wọ́n ní kò sí òfin tí ó fún ìjọba láṣẹ láti ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ó lòdì sí òfin àyíká àti sí ètò ìlú, àti pé iye owó ilé àwọn yóò wálẹ̀. Wọ́n pe ìjọba lẹ́jọ́, ilé ẹjọ́ gíga sì dá wọn láre. Ni ìjọba bá gbé ẹjọ́ náà lọ sí Braamfontein, ọ̀kan nínú àwọn tí omi lé sì dìde láti bá wọn rò ó, nítorí pé ọ̀rọ̀ orí bíbẹ́ kọ́ ni a ń dá lẹ́yìn olórí.

Ní ọjọ́ 29, oṣù Karùn-ún, ọdún 2001, Arthur Chaskalson, olórí ilé ẹjọ́ náà nígbà náà, ka ìdájọ́. Ó ní ìjọba ni ó ni ilẹ̀, ó sì lè lò ó bí onílẹ̀ gbogbo ti lè lo ilẹ̀ tirẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí kò bá tẹ òfin lójú. Ó ní Òfin Ìpìlẹ̀ ti gbé e ka ìjọba lórí láti ran ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú ńlá lọ́wọ́, nítorí náà kò dìgbà tí a bá ṣe òfin tuntun kí ó tó bo ẹni tí òjò ń pa. Bí òfin àyíká tàbí ètò ìlú bá bèèrè ìwé àṣẹ, kí ìjọba lọ gba ìwé àṣẹ náà. Ṣùgbọ́n ìfẹ́ àwọn aládùúgbò nìkan kò tó láti dá iṣẹ́ náà dúró. Báyìí ni àwọn ará Alexandra ṣe borí.

Ìdájọ́ yìí ní ìpìlẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kan náà ti sọ nínú ẹjọ́ Grootboom pé ètò ilé kíkọ́ tí ìjọba ṣe, bí ó ti wù kí ó dára tó, kò pé bí kò bá ní àyè fún ẹni tí kò ní òrùlé kankan lórí lónìí. Ohun tí a rí kọ́ ni pé ẹni tí omi lé kì í ṣe alágbe lẹ́nu ọ̀nà ìjọba. Onígbèsè ni ìjọba í ṣe fún un, ó sì lè bèèrè gbèsè rẹ̀ níwájú adájọ́.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ni yóò yarí sí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni òjò, kí ni ìjọba ènìyàn lè ṣe sí i? Èsì wa ni pé Ọlọ́run ni ó rọ̀jò lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe Ọlọ́run ni ó fi pàǹtí dí ojú àgbàrá, kì í sì í ṣe Òun ni ó na owó gọ́tà tí a kò gbẹ́. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ta ni ó rán wọn kọ́lé sí etí odò? Ọ̀rọ̀ yìí ní òtítọ́ díẹ̀ nínú. Ẹni tí ó rí ilẹ̀ gíga tí ó sì fi ìwọ̀ra kọ́lé sí ojú ọ̀nà omi yẹ fún ìbáwí, bẹ́ẹ̀ náà ni òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó fọwọ́ sí ìwé ilé náà. Ṣùgbọ́n a kì í bá ẹni tí ó ń rì wíjọ́ nínú omi. A ó kọ́kọ́ fà á yọ ná.

Àwọn kan yóò tún sọ pé owó kò sí. Òfin Gúúsù Áfíríkà kò fi ọ̀rọ̀ owó ṣeré: ó ní kí ìjọba ṣe é níwọ̀n bí agbára rẹ̀ ti mọ, díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ènìyàn sọ pé owó òun kò tó, ọ̀tọ̀ ni kí ó sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Ẹni àkọ́kọ́ lè fi ìwé ìnáwó rẹ̀ hàn adájọ́. Ẹni kejì kò ní ohun tí yóò fi hàn.

Síbẹ̀, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé Gúúsù Áfíríkà ti di ọ̀run rere. Ìdájọ́ kò lè dí ihò òrùlé. Orílẹ̀-èdè náà ṣe òfin tí ó dára ní 2002, tí ó pàṣẹ pé kí a múra sílẹ̀ de àjálù kí ó tó dé; síbẹ̀, nígbà tí ìkún omi pa ènìyàn tí ó lé ní 430 ní KwaZulu-Natal ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, Olùyẹ̀wò Owó Àgbà wọn fúnra rẹ̀ sọ pé ìrànlọ́wọ́ ìjọba fà ju bí ó ti yẹ lọ. Ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 2023, iná jó ilé Usindiso ní Marshalltown, tí kò jìnnà sí Braamfontein, ènìyàn 76 sì kú. Ọwọ́ ènìyàn ni iná yẹn ti wá, kì í ṣe láti ojú ọ̀run, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ wa mu. Ìgbìmọ̀ ìlú Johannesburg ni ó ni ilé náà. Eérú kò tíì tutù tí àwọn olóṣèlú kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹ̀bi ru àwọn àjèjì tí ń gbé inú rẹ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ tí ń gbèjà tálákà ní ilé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ìwádìí tí adájọ́ Sisi Khampepe ṣe olórí rẹ̀ sọ ní 2024 pé ìlú tí ó ni ilé kò lè wẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó wú wa lórí nìyí: bí aláṣẹ tilẹ̀ kùnà níbẹ̀, òfin wà tí a lè fi pè é ní orúkọ.

Ẹ jẹ́ kí a padà sílé wàyí. Ta ni ó ti gbàgbé Ògùnpa? Odò yìí ya wọ ìgboro Ìbàdàn ní 1978, kò sì pé ọdún mẹ́ta tí ó tún ya, ní ọjọ́ 31, oṣù Kẹjọ, ọdún 1980, tí ó gbé ènìyàn, ilé àti ọjà lọ. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹjọ, ọdún 2011, omi tún kọ lu Ìbàdàn, ènìyàn tí ó ju 100 lọ kú, afárá sì wó káàkiri. Lẹ́yìn èyí ni a tó yá mílíọ̀nù 200 dọ́là lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé láti tún ojú odò àti afárá ṣe. Ogun àsọtẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n; ṣùgbọ́n àwa ń dúró kí ogun dé kí a tó wá ọ̀pá.

Òfin Ìpìlẹ̀ ilẹ̀ wa ti ọdún 1999 kò yadi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀ka 14 sọ pé ààbò àti àlàáfíà ará ìlú ni olórí iṣẹ́ ìjọba. Ẹ̀ka 16 sọ pé kí ìjọba rí i pé ibùgbé tí ó yẹ wà fún gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè. Ọ̀rọ̀ dídùn! Ṣùgbọ́n ẹ̀ka 6 òfin kan náà ti ilẹ̀kùn ilé ẹjọ́ mọ́ àwọn ìlérí wọ̀nyí: adájọ́ kò gbọdọ̀ bi ìjọba léèrè bí ó ti mú wọn ṣẹ tàbí bí kò mú wọn ṣẹ. Ìyẹn ni pé ohun tí ó jẹ́ gbèsè ní Braamfontein, ìmọ̀ràn lásán ni ní Àbújá. Ibi tí iyàn ọdún 2022 ti ṣẹ̀ nìyí. Níbi tí kò ti sí ẹni tí òfin lè mú, ẹnu nìkan ni olúkúlùkù yóò fi gba ara rẹ̀.

Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni a ń bèèrè. Èkínní, kí àwọn aṣòfin tún ẹ̀ka 6 yìí gbé yẹ̀ wò, kí ẹni tí àjálù sọ di aláìnílé lè pe ìjọba lẹ́jọ́ fún òrùlé fún ìgbà díẹ̀, ó kéré tán. Èkejì, owó wà tí a ń yà sọ́tọ̀ láti 1981 nítorí ewu àyíká, tí ìjọba àpapọ̀, ti ìpínlẹ̀ àti ti ìbílẹ̀ jọ ń pín. Kí olúkúlùkù wọn máa kọ iye tí ó gbà àti ohun tí ó fi ṣe jáde lọ́dọọdún, ní èdè tí ará ìlú lè kà. Ẹ̀kẹta, kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ti wá ilẹ̀ àti ilé sílẹ̀ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí kì í ṣe kíláàsì àwọn ọmọ ilé ìwé, fún ẹni tí omi bá lé ní ìgbà òjò.

A fi ọ̀rọ̀ kan kún un fún àwa tí ilé wa wà ní ilẹ̀ gíga. Àwọn ará Kyalami kì í ṣe ènìyàn burúkú. Bí bẹ́ẹ̀ bá bá wa, bóyá àwa náà yóò kọ̀wé sí lọ́yà. Ṣùgbọ́n bí ìjọba bá fẹ́ gbà wọ́n, ẹ̀gbẹ́ ẹnìkan náà ni yóò gbà wọ́n sí. Kí a má ṣe jẹ́ ẹni tí ń bú ìjọba ní òwúrọ̀ pé kò ran aláìnílé lọ́wọ́, tí yóò sì lé aláìnílé kúrò ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ilé tálákà tí omi gbé lọ, kí ni yóò bù sí i? Kí àwọn aláṣẹ wa wá èsì sí i kí òjò tí ń bọ̀ tó rọ̀.