WÈRÈ DÙN ÚN WÒ, ÀMỌ́ Ó ṢEÉ TỌ́JÚ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní wèrè dùn ún wò, kò ṣeé bí lọ́mọ. Gbogbo wa la mọ òwe yìí. Ṣùgbọ́n bí mo bá wo bí a ti ń lò ó láàrin àwa akẹ́kọ̀ọ́, ó dà bí ẹni pé apá àkọ́kọ́ rẹ̀ nìkan la mú dání. Bí ẹgbẹ́ wa bá ń ṣe eré orí ìtàgé, ẹni tó ṣe wèrè ni a máa ń pàtẹ́wọ́ fún jù. Bí akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì kan bá sì sọ pé ẹ̀ka ìtọ́jú àìsàn ọpọlọ ni òun fẹ́ lọ, ohun tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "Ṣé kò ní ràn ọ́ báyìí?"

Ẹ̀yin ọmọ Oòduà, ẹ jẹ́ kí a jọ yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Èrò tèmi ni pé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì ìlera ọpọlọ kì í ṣe tiwọn nìkan. Àwa tí a wà ní ilẹ̀ àjò, tí bàbá àti ìyá wa wà ní Ìbàdàn, Ìlọrin, Adó-Èkìtì tàbí Abẹ́òkúta, ló yẹ kí a mọ̀ ọ́n jù. Bí nǹkan bá ṣe ọ̀kan nínú wa lóru, ẹni tí ẹ jọ ń gbé yàrá ni ìyá, òun ni bàbá, kí ti ilé tó dé.

Bóyá ẹnì kan ń wí nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Ọ̀rọ̀ yìí kò kàn mí, kò sí irú rẹ̀ ní ìdílé wa." Ó kàn ọ́ o. Ní ọdún 2001, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn rẹ̀ pé nínú ènìyàn mẹ́rin, àìsàn ọpọlọ yóò ṣe ẹnì kan ní ìgbà kan láyé rẹ̀. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2005 sì fi hàn pé nínú mẹ́rin àwọn tí irú àìsàn bẹ́ẹ̀ ti ṣe rí, mẹ́ta ni ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kí wọ́n tó kọjá ọmọ ọdún 24. Ẹ ka ọjọ́ orí ara yín wò. Àkókò tí a ń lò ní ilé ẹ̀kọ́ gíga yìí gan-an ni.

Ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà tí orí ń gbóná, tí nǹkan ń rìn wọ́n lórí bí ìgbà tí kòkòrò ń rìn, tí wọ́n ń kàwé tí kò yé wọn, tí ohun tí wọ́n kà kò sì dúró. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà fúnra wọn ní ọpọlọ ló rẹ àwọn. Ta ni nínú wa tí kò mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ nígbà tí ìdánwò bá kù sí dẹ̀dẹ̀? Wèrè kọ́ ni wọ́n, ìtọ́jú ni wọ́n nílò.

Kí wá ni àwọn kókó ẹ̀kọ́ náà? N ó mú díẹ̀ níbẹ̀.

Èkínní ni àjọṣe. Ní ọdún 1952, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan, Hildegard Peplau, kọ ìwé tó yí iṣẹ́ yìí padà. Kókó rẹ̀ ni pé àjọṣe tó wà láàrin nọ́ọ̀sì àti aláìsàn wà lára ìtọ́jú gan-an. Nọ́ọ̀sì kì í kàn ṣe ẹni tó ń gbé oògùn káàkiri wọ́ọ̀dù tàbí tó ń ti ilẹ̀kùn. Yóò sọ orúkọ ara rẹ̀ fún aláìsàn, yóò sọ ohun tí òun wá ṣe, yóò sì sọ ìgbà tí òun yóò padà wá. Bó bá ní òun ń bọ̀ ní aago mẹ́rin, aago mẹ́rin náà ni. Ọkàn ẹni tí ohun gbogbo ti dàrú mọ́ lójú kì í balẹ̀ bí kò bá rí ohun kan tí kì í yẹ̀. Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀sì ti ń bá a sọ̀rọ̀ ọjọ́ tí yóò padà sílé. Kò sí ẹni tí wọ́n gbà wọlé kó lè máa gbé ibẹ̀ títí ayé.

Èkejì ni ọ̀rọ̀ sísọ àti etí gbígbọ́. Ọ̀rọ̀ tútù ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà lápó. Ká ní ẹni tí ẹ jọ ń gbé sọ fún ọ pé àwọn kan fi ẹ̀rọ pamọ́ sókè àjà, wọ́n ń tẹ́tí sí ohun tí òun ń rò. Púpọ̀ nínú wa ni yóò rẹ́rìn-ín, tàbí kí a máa bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Àwọn mìíràn yóò ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, èmi náà rí i," kí wọ́n lè bọ́. Nọ́ọ̀sì kì í ṣe èyíkéyìí nínú wọn. Àríyànjiyàn kì í yọ irú èrò bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń jẹ́ kó ta gbòǹgbò. Bó bá sì gbè é, ó ti bu epo sí iná. Ohun tí yóò wí ni pé, "Èmi kò rí ẹ̀rọ kankan o, ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ọ́, o kò sì sùn. Ṣé kí n jókòó tì ọ́?" Kò purọ́, kò sì fi í ṣẹ̀sín.

Ẹ̀kẹta ni àkíyèsí. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nọ́ọ̀sì a máa wo oorun, oúnjẹ, ìwẹ̀, aṣọ, bí ọ̀rọ̀ ti ń jáde lẹ́nu, àti bóyá aláìsàn mọ ọjọ́ àti ibi tí ó wà. Yóò béèrè ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìbéèrè yìí ṣe pàtàkì púpọ̀. Bí ara ẹnì kan bá gbóná, tí ó sì ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìsọkúsọ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ó lè jẹ́ ibà ló ti wọ inú ọpọlọ. Ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni o! Ẹni tó bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ lọ sí ibi tí wọn yóò ti so ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta lè gbé òkú padà.

Ẹ̀kẹrin ni ààbò. Àwọn àgbà ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n a kò gbọdọ̀ sọ òwe yìí létí ẹni tí ayé ti sú. Bí ìrẹ̀wẹ̀sì bá ti mú ọ̀rẹ́ rẹ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ohun tó fẹ́ràn kò wù ú mọ́, tí ó ń pín ẹrù rẹ̀ fún ènìyàn, bi í tààrà bóyá ó ń ro ikú. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ìbéèrè náà yóò fi èrò yẹn sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ara á tù ú pé ẹnì kan gbójú láti béèrè. Má fi í sílẹ̀ lóun nìkan, kó ohun tó lè fi ṣe ara rẹ̀ léṣe kúrò nítòsí, kí o sì mú un dé ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún ni àṣírí. Ohun tí aláìsàn bá sọ kò gbọdọ̀ di ìtàn nílé oúnjẹ. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ mọ́ ẹ̀mí tàbí ìtọ́jú rẹ̀ ni nọ́ọ̀sì ń sọ ọ́ fún àwọn tí wọ́n jọ ń tọ́jú rẹ̀, á sì ti sọ bẹ́ẹ̀ fún aláìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Láàrin àwa ńkọ́? Kí ẹnì kan tó ti ọsibítù dé, gbogbo ilé gbígbé akẹ́kọ̀ọ́ ti gbọ́. Orúkọ ìnagijẹ ti dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ̀sín yìí gan-an ni kì í jẹ́ kí àwọn mìíràn tètè lọ.

Ẹ̀kẹfà ni ẹbí àti àwùjọ, èyí sì ni ọmọ Yorùbá fi kọ́ ayé lẹ́kọ̀ọ́. Ní ọdún 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lámbò, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní Arò. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Ó bá àwọn ará abúlé ìtòsí sọ̀rọ̀, àwọn aláìsàn ń gbé láàrin wọn, ẹbí kan sì ní láti bá olúkúlùkù wá, kí ó máa se oúnjẹ, kí ó máa fọ aṣọ fún un. Wọn a lọ gba ìtọ́jú ní ọsibítù, wọn a sì padà sáàrin ènìyàn. Ní ọdún 1961, Abẹ́òkúta kan náà ni àwọn oníṣègùn ọpọlọ láti gbogbo Áfíríkà ti ṣe àpérò wọn àkọ́kọ́. Lámbò di igbákejì ọ̀gá àgbà Àjọ Ìlera Àgbáyé lẹ́yìn náà, ó sì kú ní ọdún 2004. A ní irú ogún báyìí, a tún ń fi aláìsàn ṣe ẹlẹ́yà!

Mo mọ àtakò tí yóò tẹ̀ lé e. Àwọn kan yóò ní àfiṣe ni, wọn yóò ní ọ̀rọ̀ ilé ìjọsìn tàbí ti babaláwo ni. N kò ní kí ẹnikẹ́ni má gbàdúrà. N kò sì ní kí a bú àwọn baba wa. Wọ́n mọ egbò asofẹ́yẹjẹ kí òyìnbó tó dé, egbò náà sì ní èròjà reserpine, tí àwọn ọsibítù fi tọ́jú àìsàn ọpọlọ ní nǹkan bí 1950 sí 1960. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò wọn egbò kò mọ iye tó fún ènìyàn, bó bá sì pọ̀ jù, ó lè mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ débi ewu. Ohun tí mo tako pátápátá ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, ẹgba àti ebi. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2019, àwọn ọlọ́pàá tú ènìyàn tó lé ní 300 sílẹ̀ nínú ilé kan ní Rigasa, Kaduna, wọ́n sì bá ọ̀pọ̀ nínú wọn lórí ìdè. Kí a tó na ìka sí ará Àríwá, ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà, wọ́n tú ènìyàn 259 sílẹ̀ ní Òjòó, ní Ìbàdàn tiwa. Ẹbí ló mú ọ̀pọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Wọ́n tún máa ń ní wèrè tó bá ti wọ ọjà kò ṣeé wò mọ́. Irọ́ ni. Òtítọ́ kan ṣoṣo tó wà nínú rẹ̀ ni pé ìtọ́jú tó tètè bẹ̀rẹ̀ dára ju èyí tó pẹ́ lọ. Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́rin kí ó tó ṣiṣẹ́, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe jù ú nù lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin. Bí ara bá sì ti yá, kí dókítà tó ní kí a dáwọ́ dúró, kí a má dáwọ́ dúró.

Ìjọba pàápàá ti yí òfin padà. Òfin àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1916 la ń bá bọ̀, àfi ìgbà tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lu òfin tuntun lórí ìlera ọpọlọ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Òfin náà kò fẹ́ kí a fi àìsàn ọpọlọ du ènìyàn ní iṣẹ́ tàbí ilé. Ṣùgbọ́n òfin kò lè dé inú yàrá wa bí a kò bá gbé e wọlé.

Nítorí náà, mo ní àbá mẹ́ta fún ẹgbẹ́ wa. Kí a yan ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n lè pa àṣírí mọ́, kí wọ́n lọ kọ́ ìtọ́jú ìbẹ̀rẹ̀ yìí lọ́dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì, kí gbogbo wa sì mọ ilẹ̀kùn wọn. Kí a ní àwọn tí yóò máa túmọ̀ èdè ní ọsibítù. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú, èdè ìyá rẹ̀ ló máa ń bọ́ sí i lẹ́nu, nọ́ọ̀sì ibí sì lè má gbọ́ Yorùbá. Kí ògbifọ̀ náà sọ ohun tó gbọ́ gẹ́lẹ́, kó má bù mọ́ ọn, kó má sì yọ kúrò nínú rẹ̀ nítorí ìtìjú. Ẹ̀kẹta, bí ẹnì kan nínú wa bá gba àyè ìsinmi fún ìtọ́jú, kí a máa kọ ìwé kíláàsì dè é, kí a sì lọ pàdé rẹ̀ ní gáréèjì lọ́jọ́ tó bá ń bọ̀.

Àwọn àgbà ní kò ṣeé bí lọ́mọ, ṣùgbọ́n a ti bí i ná. Ọmọ wa ni, ẹ̀gbọ́n wa ni, àbúrò wa ni. Ẹ jẹ́ kí a tọ́jú rẹ̀. Olódùmarè yóò ṣọ́ orí wa o. Àṣẹ.