Ibi tí Ẹsẹ̀ Onílé Kò Tẹ̀: Ìgbafẹ́ Nínú Igbó àti Lórí Omi Ìjẹ̀bú

Ìgbafẹ́ ni Yorùbá ń pe lílo àkókò ìsinmi níta gbangba, níbi tí ara ti lè tú tí ọkàn sì ti lè fúyẹ́, yálà ẹni náà ń rìn nínú igbó ni, ó ń dẹ ìwọ̀ létí odò ni, tàbí ó kàn jókòó sábẹ́ igi láìṣe ohunkóhun. Èrò tí ó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni pé nǹkan òyìnbó ni irú ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀, pé ọdẹ ló ni igbó, apẹja ló ni omi, àti pé ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó owó tí ó sì fẹ́ sinmi yóò gba yàrá sí òtẹ́ẹ̀lì níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń ṣiṣẹ́. Èrò náà kò tọ̀nà, ó sì ń pa ilẹ̀ náà lára, nítorí pé ibi tí ẹsẹ̀ onílé kò bá tẹ̀, ayùn agégẹdú, ọkọ̀ akóyanrìn àti àwọn tí ń wá ibi da ìdọ̀tí sí ni yóò gba ibẹ̀, kò sì ní sí ẹni tí yóò tètè mọ̀ pé nǹkan ti sọnù.

Erédò Súngbọ́ ni ẹ̀rí tí ó sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde jù lọ. Yàrà ni Erédò, ìyẹn kòtò gígùn tí àwọn ará àtijọ́ ń gbẹ́ yí ìlú ká, tí wọ́n sì ń kó erùpẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí ó lè di odi. Ṣùgbọ́n yàrà yìí kò mọ níwọ̀n ìlú kan, nítorí pé ilẹ̀ ọba Ìjẹ̀bú àtijọ́ ni ó yí po, ní ìwọ̀n tí ó tó kìlómítà 160, àwọn ibì kan sì wà tí ó jìn débi pé láti ìsàlẹ̀ kòtò dé orí odi tó mítà 20, èyí tí í ṣe gíga ilé alájà mẹ́fà. P. C. Lloyd kọ̀wé lé e lórí ní 1959, Patrick Darling láti Yunifásítì Bournemouth ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sì ṣe ìwádìí rẹ̀ ní àwọn ọdún 1990 títí òkìkí rẹ̀ fi kàn kárí ayé. Láti 1995 ni orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ àwọn ibi tí ó ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà sí ogún gbogbo ayé. Ìtàn àtẹnudẹ́nu sọ pé Bìlíkísù Súngbọ́, obìnrin olówó tí kò bímọ, ni ó ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ gbà pé òun gan-an ni Ayaba Ṣébà inú Bíbélì àti Kùránì, ọ̀rọ̀ tí àwọn awalẹ̀pìtàn, ìyẹn àwọn onímọ̀ tí ń wú ilẹ̀ láti fi wádìí ìtàn, kò gbà, nítorí pé ọjọ́ orí yàrà náà kò dé ibẹ̀ rárá. Àríyànjiyàn yìí kò dá ẹnikẹ́ni dúró, àwọn èrò ṣì ń lọ sí ojúbọ Bìlíkísù ní ìlú Òkè-Ẹ̀rì.

Ẹni tí ó bá sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀ Erédò ní òwúrọ̀ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yóò kọ́kọ́ ṣàkíyèsí pé ariwo ọkọ̀ ti dákẹ́. Ilẹ̀ pupa dúró ṣánṣán bí ògiri lọ́tùn-ún àti lósì, gbòǹgbò igi rọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀ bí igbà ẹlẹ́mu, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ sì tutù ju ti òkè lọ, nítorí pé oòrùn kì í ráyè wọ ibẹ̀ àfi lọ́sàn-án gangan. Bí ó bá tún rìn síwájú díẹ̀, ó lè bá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ìgò, àti táyà tó ti gbó, nítorí pé ojú ààtàn ni àwọn kan fi ń wo kòtò àwọn baba ńlá wọn. Ọ̀nà ọkọ̀ ti gé e já ní ọ̀pọ̀ ibi, ìlú tí ń fẹ̀ sì ń fi ìpìlẹ̀ ilé jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó ṣòro láti gbà pé ẹni tí ó bá ti mú àwọn ọmọ rẹ̀ rìn nínú yàrà yìí rí, tí ó sì ti gbé orí sókè wo ibi tí ọwọ́ ènìyàn lásán, láìní ẹ̀rọ kankan, gbẹ́ ilẹ̀ dé, yóò tún da ìdọ̀tí síbẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Igbó Ọmọ̀ ní ìhà ìlà-oòrùn Ìjẹ̀bú tún fi ọ̀ràn yìí hàn lọ́nà mìíràn. Igbó ọba ni, ìyẹn igbó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá oko tàbí gé igi níbẹ̀ láìgba àṣẹ. Láti 1925 ni wọ́n ti fi òfin yà á sọ́tọ̀, ó sì fẹ̀ ju 130,000 hẹ́kítà lọ, bẹ́ẹ̀ hẹ́kítà kan ṣoṣo ju pápá bọ́ọ̀lù lọ. Ní 1946, wọ́n mú 460 hẹ́kítà nínú rẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ewé kan níbẹ̀, ní 1977 sì ni UNESCO sọ ibẹ̀ di bàíósífíà, èyí tí ó túmọ̀ sí àyíká tí a pín ní ìpele: a kì í fọwọ́ kan àárín rẹ̀, ìwádìí àti àbójútó ni a ń ṣe ní etí rẹ̀, ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn ènìyàn ti lè gbé kí wọ́n sì ṣiṣẹ́. Erin ṣì wà nínú igbó yìí, irú erin inú ẹgàn tí ara rẹ̀ kéré ju ti ọ̀dàn lọ, tí àjọ IUCN sì kà ní 2021 sí ẹranko tí ó ku díẹ̀ kí ó run pátápátá. Lára àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ń ṣọ́ wọn lónìí ni àwọn tí ó ti ṣe ọdẹ nínú igbó kan náà rí, tí wọ́n wá ń fi ojú tí wọ́n fi ń tọpa ẹran tẹ́lẹ̀ tọpa àwọn tí ń pa á.

Ó yani lẹ́nu pé ọ̀pọ̀ ìdílé Ìjẹ̀bú tí ń gbé ní Èkó máa ń sanwó wọlé sí Lekki Conservation Centre, ọgbà tí a dá sílẹ̀ ní 1990, tí wọ́n sì máa ń ya fọ́tò lórí afárá tí a so mọ́ òkè igi, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 401, ṣùgbọ́n tí wọn kò mọ ọ̀nà J4 tí a ń gbà wọ Igbó Ọmọ̀. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni Olóyè S. L. Edu, ẹni tí ó dá ẹgbẹ́ Nigerian Conservation Foundation tí ó ni ọgbà náà sílẹ̀, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè sọ pé ojú òyìnbó nìkan ni ó ń rí ẹwà igbó. Àmọ́ ṣá, Igbó Ọmọ̀ kì í ṣe ibi tí ènìyàn ń já wọ̀ bí ẹni tí ń wọ ọjà: ó yẹ kí àlejò gba àyè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ igbó ti ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kí ó mú atọ́nà tí ó mọ ibẹ̀, kí ó sì jìnnà sí erin pátápátá, nítorí pé ẹranko tí ènìyàn ti ń lé kiri kì í fi ọ̀rẹ́ wo ẹnikẹ́ni.

Ti ẹja pípa ni ó tẹ́jú jù lọ, òun náà sì ni ó ń fẹ́ ọgbọ́n jù lọ. Odò Ọ̀ṣun gba ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá lọ sínú ọ̀sà, ìyẹn omi gbalasa tí ó wà láàárín ilẹ̀ àti òkun, ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí ọjà ẹja rẹ̀ lókìkí, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ará Ìwópin àti Mákun-Omi ti ń fi omi ṣe ọ̀nà àti oko láti ayébáyé. Àwọ̀n àti ìgèrè, ìyẹn apẹ̀rẹ̀ tí ẹja ń wọ̀ tí kì í lè jáde, jẹ́ irinṣẹ́ àwọn tí ń fi ẹja jẹun. Fún ẹni tí ń wá ìgbafẹ́, ìwọ̀ kan, okùn, ọ̀pá ọparun àti ekòló díẹ̀ fún ìdẹ ti tó. Ìdùnnú rẹ̀ wà nínú ìdúró náà: kí ènìyàn máa wo okùn títí yóò fi mì lẹ́ẹ̀kan, kí ó má tíì fà á, kí ó dúró kí ó tún mì, kí ó tó já a sókè.

Nínú omi yìí ni irú ẹ̀pìyà kan wà tí akọ rẹ̀ máa ń fi ẹnu gbé ẹyin títí yóò fi pa. Ẹni tí ó bá fa irú ẹja bẹ́ẹ̀ jáde, tí ó sì rí ẹyin ní ẹnu rẹ̀, ọ̀wọ́ ẹja kan odidi ni ó dì mọ́wọ́ yẹn, ohun tí ó sì bọ́gbọ́n mu ni kí ó rọra yọ ìwọ̀ náà kí ó sì dá a padà kíá. Bákan náà ni ó yẹ kí ó ṣe fún ẹja tí kò tíì dàgbà tó àtẹ́lẹwọ́. Àwọn tí ń da Gàmálìn sínú odò ni ọ̀tá gbogbo èyí. Oògùn kòkòrò ni Gàmálìn, oko kòkó ni wọ́n ṣe é fún, lindane ni èròjà inú rẹ̀, èyí tí Àdéhùn Stockholm kà ní 2009 mọ́ àwọn májèlé tí ayé gbọ́dọ̀ pa tì nítorí pé kì í tètè jẹrà, ó sì máa ń wà nínú ọ̀rá ara ẹja títí dé inú ikùn ẹni tí ó jẹ ẹ́. Àti ńlá àti kékeré ni ó ń pa, odò náà a sì wá dákẹ́. Kò yẹ kí ẹni tí ó wá gba afẹ́ ra ẹja irú ibẹ̀, bí ó ti wù kí ó pọ́ọ́kú tó.

Omi fúnra rẹ̀ kò mọ àlejò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ ní odò Yemọjí tàbí ní odò mìíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè ibi tí ó jìn àti ibi tí ó ń fà, nítorí pé òjò tí ó rọ̀ ní òkè odò lánàá lè mú kí odò tí ojú rẹ̀ tòrò wú lójijì lónìí. Ẹni tí yóò wọ ọkọ̀ ojú omi gbọ́dọ̀ wọ láífù jákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, kí ó dè é mọ́ra dáadáa, kí ó má sì gbà láti rìn lóru tàbí nínú ọkọ̀ tí èrò ti kún ju bí ó ti yẹ lọ. Omi adágún tí ìgbín kéékèèké pọ̀ sí léwu lọ́nà tirẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni kòkòrò tí ń fa ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ ti ń gba awọ ara wọlé láìdun ènìyàn rárá. Bí ọmọ bá lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀ tí ó sì wá ń tọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, oògùn rẹ̀ wà.

Ní ti sísùn sínú igbó, ohun tí àwọn ará òkè òkun ń fi owó ńlá wá kò ṣàjèjì sí Ìjẹ̀bú. Ahéré ni ilé kékeré tí àgbẹ̀ ń kọ́ sí oko, abà sì ni ibi tí ahéré púpọ̀ bá kóra jọ sí. Kò tíì pẹ́ púpọ̀ tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń lo ọlidé wọn níbẹ̀, tí wọ́n ń mu gààrí Ìjẹ̀bú tí ó kan dáadáa pẹ̀lú ẹja yíyan, tí wọ́n sì ń gbọ́ igbe òwìwí lóru. Ìdílé tí ó bá ní ilẹ̀ ẹbí lóko lè tún ahéré kọ́, kí wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì dí ojú fèrèsé nítorí ẹ̀fọn, kí wọ́n gbẹ́ ṣáláńgá jìnnà sí odò, kí wọ́n sì máa fi omi pa iná ààrò kí wọ́n tó sùn, pàápàá nígbà ọyẹ́ tí ewé gbígbẹ ti ṣetán láti gbiná. Ilẹ̀ ẹbí ni kí ó jẹ́ ṣá o, kì í ṣe inú igbó ọba, nítorí pé ahéré kan nínú igbó ọba ló ń di abà, abà níí di oko kòkó, oko kòkó ní í sì lé erin.

Ẹni tí ń rin igbó gbọ́dọ̀ wọ bàtà tí ó bo kókósẹ̀, kí ó sọ fún ará ilé ibi tí òun ń lọ àti ìgbà tí òun yóò dé, nítorí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í sí ní ibi púpọ̀. Bí ejò bá bu ẹnikẹ́ni jẹ, kí wọ́n má fi abẹ sín in, kí wọ́n má sì so ó le pinpin. Kí ó dúró jẹ́ẹ́, kí wọ́n sì sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Ó tún yẹ kí àlejò béèrè ọjọ́ orò àti ọjọ́ Agẹmọ, ọdún ìbílẹ̀ Ìjẹ̀bú, nígbà tí àwọn Agẹmọ mẹ́rìndínlógún ń gba ọ̀nà wá sí ìlú Ìmọ̀sàn, tí ó sì jẹ́ èèwọ̀ fún obìnrin láti fojú kàn wọ́n. Àwọn kan máa ń pe irú òfin yìí ní ohun àtijọ́, ṣùgbọ́n kí wọ́n wo àwọn igbó orò tí ó yí ìlú ká, níbi tí ìrókò ṣì dúró lẹ́yìn tí ti ìta ti di pákó tán.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ kẹta Iléyá, àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú máa ń ti ilẹ̀ gbogbo wálé fún ayẹyẹ Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde, wọ́n a wọ aṣọ ẹgbẹ́, wọ́n a wo ẹlẹ́ṣin, ilẹ̀ ọjọ́ kejì a sì ti bá ọ̀pọ̀ wọn lójú ọ̀nà márosẹ̀. Bí wọ́n bá lè fi òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin sílẹ̀, Òkè-Ẹ̀rì kò jìnnà. Àsìkò òjò ni Iléyá ń bọ́ sí ní àwọn ọdún wọ̀nyí, ilẹ̀ Erédò a sì máa yọ̀, nítorí náà kí bàtà tí wọn yóò wọ̀ ní eyín lábẹ́, kí wọ́n ní ọ̀pá lọ́wọ́, kí wọ́n bẹ àgbàlagbà kan ní ìlú náà kí ó ṣe atọ́nà wọn, kí wọ́n sì fún un ní owó ọ̀yà láìdúnàá-dúrà. Kí wọ́n mú àpò kan dání fún ọ̀rá tí wọ́n bá rí nílẹ̀. Wọn yóò ti padà dé kí ìkọ́kọrẹ́ tó jinná.