Eérú lè mú kọnkéré le, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo pàǹtírí ló yẹ kó wọ inú ilé

Ní ọjọ́ 12 oṣù Keje, ọdún 2024, ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wó lu àwọn ọmọ mọ́lẹ̀ ní Busa Buji, nílùú Jos wa níbí. Ènìyàn 22 ló kú, akẹ́kọ̀ọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Ìjọba ìpínlẹ̀ sọ pé ilé náà kò lágbára tó, àti pé etí odò ni wọ́n kọ́ ọ sí. Ó yẹ kí ìṣẹ̀lẹ̀ náà ti kọ́ gbogbo wa lọ́gbọ́n, yálà a jẹ́ onílé, bíríkìlà tàbí ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù tà.

Ní oṣù Kejì ọdún 2024 yẹn kan náà, àpò sìmẹ́ńtì kan ti ju N10,000 lọ ní ọ̀pọ̀ ibi, títí ìjọba àpapọ̀ fi pe àwọn tó ń ṣe é jókòó, tí wọ́n sì fẹnu kò sí N7,000 sí N8,000. Gbogbo wa la mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí sìmẹ́ńtì bá wọ́n: àwọn kan á dín in kù, wọ́n á fi yanrìn dí i. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ń sọ pé eérú lè dípò sìmẹ́ńtì, pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é lókè òkun. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ a di odindi. Ṣùgbọ́n nínú iṣẹ́ ilé kíkọ́, àbọ̀ ọ̀rọ̀ lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí á gbé e yẹ̀ wò dáadáa.

Òkúta ẹfun àti amọ̀ ni wọ́n ń sun pọ̀ nínú iná tó gbóná tó ìwọ̀n 1,450 kí wọ́n tó rí sìmẹ́ńtì. Èéfín ohun tí wọ́n fi dá iná náà wà lọ́tọ̀, gáàsì tó ń jáde lára òkúta fúnra rẹ̀ wà lọ́tọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ tó ìdá 7 sí 8 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ń tú sójú ọ̀run, èyí tó ń mú kí ayé máa gbóná sí i. Nítorí náà ni àwọn orílẹ̀-èdè ńlá ṣe ń wá ohun tí wọn yóò fi dín sìmẹ́ńtì kù láìba agbára kọnkéré jẹ́. Wọ́n rí i nínú ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ ń dà nù: eérú èédú ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣe iná mànàmáná, àti ìdàrọ́ tó ń jáde níbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Wọ́n lo eérú èédú nínú ìdídò Hungry Horse ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n parí ní 1953. Ó wà nínú kọnkéré Burj Khalifa ní Dubai, ilé tó ga jù láyé, tí wọ́n ṣí ní 2010.

Báwo ni eérú ṣe ń fún kọnkéré lágbára? Bí omi bá kan sìmẹ́ńtì, nǹkan méjì ló ń jáde. Èkíní ni àtè tó ń di yanrìn àti òkúta mú. Èkejì ni ẹfun kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára. Eérú tó dára ń bá ẹfun yìí lò pọ̀, á sì sọ ọ́ di àtè púpọ̀ sí i. Ó tún ń dí àwọn ihò kéékèèké inú kọnkéré, tí omi kò fi ní tètè dé ibi tí irin wà kó dógùn-ún. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ kì í yá. Bí a bá wò ó ní ọjọ́ 7, kò tíì le tó ti sìmẹ́ńtì nìkan. Bí a bá ń bomi rin ín tí a sì ní sùúrù, ó lè le jù ú lọ. Bíríkìlà tó bá ń kánjú yọ pákó kò gbọdọ̀ sún mọ́ irú kọnkéré bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni àwa ní? Ajaokuta tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1979 kò tíì yọ́ irin títí di òní, nítorí náà a kò rí ìdàrọ́ rẹ̀ lò. Èédú Enugu náà kò ṣe iná mànàmáná fún wa mọ́. Èyí tó pọ̀ lọ́wọ́ wa ni èèpo ìrẹsì. Nínú ìrẹsì tí a kò tíì bó, èèpo tó ìdá kan nínú márùn-ún, ẹ̀yìn ilé ìlọ-ìrẹsì ni wọ́n sì ń kó o dà sí. Àwọn olùwádìí ní yunifásítì wa ti dán eérú rẹ̀ wò léraléra, wọ́n sì rí i pé ó lè dípò ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún sìmẹ́ńtì, nígbà mìíràn jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe eérú ìdí ààrò ni wọ́n ń wí. Iná rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà láàrin ìwọ̀n 500 sí 700; bó bá gbóná jù, agbára eérú á kú; bí kò bá jóná tán, dúdú inú rẹ̀ á ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́ kúnná bíi sìmẹ́ńtì.

Ibi tó kan àwa ará Jos gan-an rèé. Iṣẹ́ kùsà àti ọkọ̀ ojú irin ló gbé ọ̀pọ̀ àwọn baba wa dé ìlú yìí. Kùsà ti lọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n òkìtì yanrìn rẹ̀ ṣì wà káàkiri, àwọn kan sì ń kó o mọ búlọ́ọ̀kù nítorí pé ó sún mọ́ ilé, owó rẹ̀ kò sì pọ̀. Pàǹtírí iṣẹ́ ni òun náà, ṣùgbọ́n ẹ má fi í wé eérú. Monazite wà nínú rẹ̀, thorium àti uranium sì wà nínú monazite. Wọ́n ń tú ìtànṣán tí ojú kò rí jáde, tó lè ṣe ẹni tó ń sùn láàrin irú ògiri bẹ́ẹ̀ ní jàǹbá bí ọdún ti ń gorí ọdún. Ẹ má fi í kọ́ yàrá tí ọmọ yín yóò sùn.

Ohun mìíràn tó yẹ kí á mọ̀ ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú sìmẹ́ńtì tí à ń rà lọ́jà ni wọ́n ti lọ òkúta ẹfun mọ́ láti ilé iṣẹ́. Bí bíríkìlà bá tún bu eérú sí i lójú iṣẹ́, ó ń dín ohun tí wọ́n ti dín kù ni. Láti 2014 ni àjọ SON ti ní kí á máa fi 32.5 rẹ́ ògiri nìkan, kí á fi 42.5 ṣe òpó, dẹ́kìn àti búlọ́ọ̀kù. Ẹ máa ka ara àpò kí ẹ tó sanwó.

Ìmọ̀ràn mi kò pọ̀. Kí àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù nínú wa kóra jọ, kí wọ́n gbé èèpo ìrẹsì yìí lọ bá ẹ̀ka ìmọ̀ ilé kíkọ́ ní Yunifásítì Jos, kí wọ́n bá wa pò ó, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ fọ́ ọ wò ní ọjọ́ 28. Bó bá yege, kí ìjọba ìpínlẹ̀ ràn wá lọ́wọ́ láti ní iná tí a ó fi máa sun ún bó ṣe yẹ. Títí di ìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má fi eérú kọ́ ilé ènìyàn. Ẹ lo sìmẹ́ńtì tó pé, ẹ dín omi kù, ẹ lo yanrìn tí kò ní amọ̀, ẹ sì bomi rin kọnkéré fún ọjọ́ 7 ó kéré tán. Owó tí a fi pa mọ́ lórí àpò sìmẹ́ńtì mẹ́wàá kò lè ra ẹ̀mí ọmọ kan padà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí á tún rí irú Busa Buji mọ́.