Kẹ́míkà tí kò ba DNA jẹ́, ṣé kò léwu nìyẹn?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń rí lórí ayélujára: wọ́n á ní kẹ́míkà báyìí kò ba DNA jẹ́, torí náà kò lè fa jẹjẹrẹ. Èmi ò gbà o. Ẹ fọkàn bá mi lọ.

Sẹ́ẹ̀lì ara wa kì í dá gbé. Ilẹ̀kùn tíntìntín wà láàárín wọn. Èròjà tó ń jẹ́ connexin ló kọ́ ọ: mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún, ihò tóóró láàárín. Ibẹ̀ ni calcium àtàwọn èròjà kéékèèké mìíràn ń gbà kọjá, tí sẹ́ẹ̀lì fi ń mọ̀ pé aládùúgbò òun ń ṣe dáadáa. Èyí tó bá fẹ́ ya ìpáǹle, àwọn tó yí i ká lè mú un so ẹsẹ̀ rọ̀.

Lọ́dún 1966, Loewenstein àti Kanno rí i pé sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀ eku kò bá ara wọn sọ̀rọ̀ báyìí. Nígbà tó di 1979, Yotti, Chang àti Trosko fi TPA, tó wà nínú òróró croton, sí sẹ́ẹ̀lì nínú àwo. Ilẹ̀kùn pa dé! TPA yìí kì í so mọ́ DNA fúnra rẹ̀ o. Ṣùgbọ́n tí kẹ́míkà mìíràn bá ti ba DNA awọ eku jẹ́ díẹ̀ ṣáájú, tí wọ́n wá ń fi TPA ra á léraléra, kókó á hù.

(Làpálàpá tí wọ́n fi ń ṣọgbà náà ní irú èròjà yìí nínú èso rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ pò ó mọ́ ìpara, ẹ rọra.)

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eku nìkan. Ẹ bi àwọn bàbá tó dáko kòkó l'Óǹdó nípa Gammalin 20. Lindane ni. Àwọn kan tiẹ̀ ń dà á sódò pa ẹja! Àyẹ̀wò DNA kò fi bẹ́ẹ̀ rí ẹ̀ṣẹ̀ kà sí i lọ́rùn, bẹ́ẹ̀ ó ń ti ilẹ̀kùn sẹ́ẹ̀lì pa, ó sì ń mú kókó hù nínú ẹ̀dọ̀ eku. Lọ́dún 2015, IARC kà á mọ́ àwọn ohun tó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Torí náà, ẹni tó bá ní ọjà òun kò léwu, ẹ bi í bóyá wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn yìí wò.

Ẹni tó sì ń sọ pé "ó ti pẹ́ lára mi, kí ni mo tún ń dá dúró fún?", jọ̀ọ́, dá a dúró. Irú kẹ́míkà yìí kì í sábà fi ẹ̀ẹ̀kan ṣiṣẹ́. Tí wọ́n bá fọ TPA kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀kùn máa ń tún ṣí. Awọ eku tí wọ́n sì fi àkókò gígùn sáàárín kíkùn rẹ̀, kókó rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ hù.